Àwọn Tí A Kò Bi Léèrè: Ìdánwò Olùkọ́ àti Òwò Ewéko ní Ilẹ̀ Filipínì

Bí ọmọ kan bá jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ láti kékeré títí ó fi gba oyè ní yunifásítì, tí àwọn òbí rẹ̀ ta oko, tí wọ́n ta ẹran ọ̀sìn kí wọ́n tó lè san owó rẹ̀ tán, ó tọ́ kí ìlú béèrè pé: èso wo ni ó jáde nínú gbogbo làálàá náà? Ìbéèrè yìí kò yọ orílẹ̀-èdè kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo jù lọ lọ́dọ̀ àwọn ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn rí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbẹ́kẹ̀ lé láti di ẹni tí ń dá dúró. Ọ̀nà méjì ni àwọn ìjọba máa ń gbà wá ìdáhùn. Èkíní ni ìdánwò ìwé àṣẹ, èyí tí ẹni tí ó kàwé jáde gbọ́dọ̀ yege kí a tó gbà fún un láti ṣe iṣẹ́ tí ó kọ́. Èkejì ni ìwádìí oníbéèrè, nípa èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń wá àwọn ọmọ rẹ̀ àtijọ́ kiri láti mọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lónìí a fẹ́ yẹ ọ̀nà méjèèjì wò ní ilẹ̀ Filipínì, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2020. Ní ọdún náà, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí ìdánwò àwọn olùkọ́ sì dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí ta ewéko ọ̀ṣọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti rí ohun tí wọn yóò jẹ. Kò sí ohun tí ó jọra, bí a bá fi ojú lásán wò ó, láàárín ìwé àṣẹ olùkọ́ àti ewéko inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá so wọ́n pọ̀, wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò yẹ kí olùkọ́ kankan gbàgbé: iye tí a kà nínú ìdánwò, àti iye tí a kọ sínú ìwádìí, kò ju ohùn àwọn tí a bi léèrè lọ. Ẹni tí a kò bi léèrè kò sí nínú ìṣirò.

BÍ ÌDÁNWÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Filipínì jẹ́ àgbájọ erékùṣù tí ó lé ní 7,000 ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Àwọn ará Sípéènì ni ó kọ́kọ́ jọba lé wọn lórí fún ohun tí ó lé ní 300 ọdún. Ní 1898, Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Sípéènì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1901, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Thomas gúnlẹ̀ sí Manila, olú ìlú wọn, àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà tí ó tó nǹkan bí 500 sì sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀. Thomasites ni a ń pè wọ́n títí di òní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, ní ọdún kan náà ni a sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Manila láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí yóò gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ àlejò. Ọjọ́ 4 oṣù keje, 1946, ni Filipínì gba òmìnira, ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú tiwa.

Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń pọ̀ sí i lẹ́yìn òmìnira, tí ìwé ẹ̀rí sì ń pọ̀ sí i, ìjọba rí i pé kì í ṣe gbogbo ìwé ẹ̀rí ni ó ní ìmọ̀ nínú. Ní 1976, àṣẹ ìjọba dá ìdánwò kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe olùkọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, òfin tí a ń pè ní Republic Act 7836 gbé ìdánwò náà lé ọwọ́ Professional Regulation Commission, àjọ tí ń dán àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà, onímọ̀ ẹ̀rọ àti olùṣírò owó wò pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, òfin sọ pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí girama, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, láìní ìwé àṣẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báyìí ni wọ́n ń pín àmì ìdánwò náà. Fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ gbogbogbòò gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ọgbọ́n ìkọ́ni sì gba 60. Fún olùkọ́ girama, ìmọ̀ gbogbogbòò gba 20, ọgbọ́n ìkọ́ni gba 40, iṣẹ́ pàtó tí olúwarẹ̀ yàn sì gba 40 tí ó kù. Ẹni tí yóò yege gbọ́dọ̀ ní 75 ní ìpíndọ́gba, àmì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 50 lọ nínú apá kankan. Nígbà tí èsì bá jáde, ìdílé ẹni tí ó yege a máa gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé lórí ọ̀rá ńlá, gbogbo àdúgbò yóò sì mọ̀ pé wọ́n ti ní olùkọ́. Kò sí ẹni tí ń gbé àwòrán ẹni tí kò yege kọ́.

OHUN TÍ IYE SỌ

Ní 2022, ilé aṣòfin wọn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti yẹ gbogbo ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ náà wò láti ìpìlẹ̀. EDCOM II ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ohun tí ó sọ nípa àwọn olùkọ́ dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti 2009 sí 2023, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jókòó fún ìdánwò olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 33 péré ni ó ń yege ní ìpíndọ́gba. Fún ti girama, 40 ni. Èyí tí ó burú jù ni pé láàárín 2012 sí 2022, kọ́lẹ́ẹ̀jì 77 tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti 105 tí ń kọ́ àwọn ti girama, kò ní ẹyọ ẹnì kan tí ó yege rárá, síbẹ̀ ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n sì ń gba owó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Olè ni ẹni tí ó gba owó ọmọ tálákà fún ọdún mẹ́rin, tí ó sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti kọ́ rí tí ó rí àṣẹ gbà. Ìdánwò ni ó tú àṣírí yìí. Bí kò bá sí ìdánwò, kọ́lẹ́ẹ̀jì rere àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀tàn ìbá máa wọ aṣọ kan náà lọ́jọ́ ìgboyè. Nítorí náà, a kò ní dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń sọ pé ìdánwò àṣẹ kò wúlò, pé ọgbọ́n ìyànjẹ lásán ni. Ó wúlò. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kò tó.

OHUN TÍ IYE KÒ SỌ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é, bí olùkọ́ ìṣirò ti ń ṣe lójú pátákó. Ká sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì wà, tí ọmọ ọgọ́rùn-ún jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, 60 lọ ṣe ìdánwò, 45 sì yege: kọ́lẹ́ẹ̀jì náà yóò kọ ọ́ sí pátákó pé 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ òun tí ó yege. Nínú ti èkejì, 90 lọ ṣe é, 54 sì yege: 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Àwọn òbí yóò sáré lọ sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èwo nínú méjèèjì ni ó fún orílẹ̀-èdè ní olùkọ́ púpọ̀ jù? Èkejì ni, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́sàn-án. Àwọn 40 tí kò lọ sí ìdánwò rárá láti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ ti pòórá. Bóyá owó ìdánwò ni wọn kò ní, bóyá ìyá wọn ń ṣàìsàn, bóyá ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, kò sí ẹni tí ó mọ̀, nítorí pé iye náà kò dárúkọ wọn.

Ohun kejì ni pé àwọn tí ń ṣe ìdánwò náà kì í ṣe ọ̀wọ́ kan. Àwọn kan ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì tún padà wá. Àjọ tí ń ṣe ìdánwò mọ ìyàtọ̀ yìí, a sì máa ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ nínú èsì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń wá akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì, yóò sì fi èkejì pamọ́. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Apá kan òtítọ́ ni ó sọ, tí ó sì dákẹ́ lórí apá kejì.

ÌWÁDÌÍ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó DÁKẸ́

Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ gíga ní Filipínì kò ṣàì mọ̀ pé ìdánwò nìkan kò tó. Nítorí náà, wọ́n ń rọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì láti máa tọ ipasẹ̀ àwọn tí ó ti jáde lọ́dọ̀ wọn. A ṣètò ìwé ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò: Ṣé o ti yege ìdánwò àṣẹ? Ṣé o níṣẹ́? Ṣé iṣẹ́ náà bá ohun tí o kọ́ mu? Oṣù mélòó ni o fi wá a? Kí ni ó wúlò fún ọ jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ? Àwọn olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá àti kékeré ń ṣe irú ìwádìí báyìí lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kọ èsì rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dáhùn? Láyé òde òní, orí Facebook tàbí nínú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó ti rí iṣẹ́ rere, tí ó ń wọ aṣọ olùkọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, inú rẹ̀ yóò dùn láti dáhùn. Ẹni tí ó ti ṣubú nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta, tí ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ni yóò fi dáhùn sí? Ìtìjú ni yóò jẹ́ kí ó pa ìwé náà tì. Báyìí ni ìwádìí ṣe ń kún fún ohùn ayọ̀, tí ohùn ẹkún sì sọnù ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ìwádìí, kì í ṣe tara rẹ̀ nìkan ni ó ń bá a dákẹ́. Tara ìlú pẹ̀lú ni.

Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní òkè òkun kì í gbàgbé ìtàn kan tí a máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa èyí. Ní 1936, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Literary Digest fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn láti mọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún láàárín Franklin Roosevelt àti Alf Landon. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tí ó dáhùn. Ìwé ìròyìn náà kéde pé Landon ni yóò wọlé. Ní ọjọ́ ìdìbò, Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Kí ni ó fa àṣìṣe náà? Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ, ní àkókò tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ará Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn èyí, nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, àwọn tí inú ń bí sí Roosevelt ni ó yára dáhùn jù. Mílíọ̀nù méjì ohùn, síbẹ̀ kì í ṣe ohùn ìlú. Láàárín ọdún méjì, ìwé ìròyìn náà kógbá wọlé.

Bí àṣìṣe bá lè wà nínú mílíọ̀nù méjì, ẹ wo bí yóò ti rí nínú ìwádìí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ó rí ìdáhùn lọ́dọ̀ ọgọ́ta ènìyàn nínú igba, tí ó sì kéde pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ òun ni ó níṣẹ́ lọ́wọ́!

ỌDÚN TÍ EWÉKO DI OWÓ

Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Filipínì sé gbogbo erékùṣù Luzon mọ́lé, erékùṣù tí Manila wà nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti pa. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ilé ni àwọn ọmọ jókòó sí tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé tí a tẹ̀, lórí rédíò àti lórí fóònù. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni a tó tún ṣí àwọn ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ láti dán an wò. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó lé ní 800 ni kò lè ṣílẹ̀kùn ní ọdún ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé àwọn òbí kò rí owó san, àwọn olùkọ́ wọn sì di aláìníṣẹ́. Ìdánwò àṣẹ pẹ̀lú dúró. Kò sí ìdánwò olùkọ́ ní 2020. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ó tó padà. Ẹni tí ó gba oyè rẹ̀ ní àkókò náà kò yege, kò sì ṣubú. Ó kàn dúró ni.

Ní àkókò ìdúró yìí ni òwò ewéko gba òde. Àwọn tí a sé mọ́lé fẹ́ rí ohun tútù lójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbin ewéko sínú ìkòkò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí orúkọ fún ara wọn. Ní èdè wọn, tito ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá àti ti ìyá tí ó jẹ́ ọkùnrin, tita sì ni obìnrin. Wọ́n fi orúkọ ewéko ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un, ó sì di plantito àti plantita. Ewéko tí a ń pè ní Monstera, tí ewé rẹ̀ gbòòrò tí ó sì lu ihò bí asẹ́, di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Èyí tí àwọ̀ funfun bá ta sí lára rẹ̀ di ohun tí a ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún péésò rà. Ẹni tí ó bá mọ kókò lóko wa yóò dá Monstera àti Alocasia mọ̀ bí ìbátan rẹ̀, nítorí pé ìdílé kan ni wọ́n.

Òwò náà kò béèrè ṣọ́ọ̀bù. Olùtà yóò gé ẹ̀ka kan, yóò kì í bọ omi títí yóò fi ta gbòǹgbò, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sì gbé e sórí Facebook pẹ̀lú iye owó. Àwọn mìíràn ń tà á lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lójú fóònù, tí àwọn òǹrajà sì ń kọ̀wé láti fi hàn pé àwọn ni wọn yóò rà á. Owó ń kọjá nínú fóònù, alùpùpù sì ń gbé ẹrù lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àjọ agbowó orí pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá forúkọ sílẹ̀. Ariwo ta, ìjọba sì ṣàlàyé pé ẹni tí èrè rẹ̀ lọ́dún kò bá ju 250,000 péésò lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó kàwé láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun abẹ̀mí. Ìdánwò rẹ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ta ewéko. Ìmọ̀ tí ó kọ́ ni ó fi mọ ìdí tí gbòǹgbò fi ń jẹrà, òun náà ni ó fi ń ṣàlàyé fún òǹrajà bí a ti ń fún un ní oòrùn. Lọ́jọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ bá fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́, àpótí wo ni yóò fàmì sí? “Ó níṣẹ́”? Ó níṣẹ́. “Iṣẹ́ bá ẹ̀kọ́ mu”? Kò sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ó yege”? Kò ì tíì yege. “Ó ṣubú”? Kò ṣubú rí. Ìwé náà yóò sọ ọ́ di òfo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfo.

Àkókò pẹ̀lú ń ṣọ́ ọ. Òfin wọn, Republic Act 9293, sọ pé olùkọ́ tí ó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́, ìwọ̀n méjìlá, ìdajì nínú ọgbọ́n ìkọ́ni, ìdajì nínú iṣẹ́ tí ó ń kọ́ni. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ebi lé lọ sí ìdí ewéko, tí kò sì tètè padà, yóò bá ẹnu ọ̀nà tí ó dín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó ewéko kò sì dúró. Bí gbogbo ènìyàn ti gbin Monstera tán, iye rẹ̀ wálẹ̀.

ÀṢẸ TI INÚ IGBÓ

Ẹnìkan lè sọ níbí pé: bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a pa ìwé àṣẹ rẹ́, kí olúkúlùkù máa ṣe ohun tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Òwò ewéko náà ni ó dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí owó gorí ewéko, àwọn kan kò ní sùúrù láti gé ẹ̀ka kí wọ́n sì dúró de gbòǹgbò. Wọ́n wọ igbó lọ, wọ́n sì ń hú u. Alocasia sanderiana, tí kò sí ní ibòmíràn láyé ju àríwá erékùṣù Mindanao lọ, wà lára àwọn ewéko tí ó fẹ́ pòórá kúrò nínú igbó. Òdòdó waling-waling, ìgbéraga àwọn ará Mindanao, ti rí irú ìyà yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin wà: Republic Act 9147 ti ọdún 2001 kò gbà kí ẹnikẹ́ni hú ewéko igbó, kí ó tọ́jú rẹ̀, tàbí kí ó tà á láìgba àṣẹ. Ní 2020, àwọn aláṣẹ ètò igbó àti àyíká ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùtà àti òǹrajà léraléra.

Nítorí náà, kí ni iṣẹ́ àṣẹ? Ó ń gbèjà ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Igbó kò lè kígbe pé ẹni tí ń bọ̀ yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkórè àti ìparun. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó jókòó ní kíláàsì kò lè dá olùkọ́ tí kò mọ̀wé mọ̀. Àṣẹ ni odi tí a mọ yí àwọn méjèèjì ká. Ẹni tí ó bá wó odi náà lulẹ̀ nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há ti ṣe ọmọ náà ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ odi gbọ́dọ̀ máa ka iye àwọn tí ó wà níta pẹ̀lú, kí ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀.

BÍ A TI LÈ BÉÈRÈ LÓÒÓTỌ́

Ọ̀nà tí a fi ń ṣe èyí kò fara sin. Kì í ṣe ẹni tí ó bá sún mọ́ ni a ń bi. Inú ìwé orúkọ gbogbo àwọn tí ó jáde ni a ti ń ṣẹ́ gègé mú wọn, kí ẹni tí ó wà ní Manila àti ẹni tí ó wà ní abúlé òkè jọ ní ipò kan náà. Ẹni tí kò bá dáhùn, kí a lọ bá a nílé. Bí a kò bá rí i, kí a kọ iye àwọn tí a kò rí sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe sí ẹ̀yìn. Kí a bi ẹni tí ó ṣubú àti ẹni tí kò lọ sí ìdánwò rárá. Kí a padà lọ bi wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nítorí pé ẹni tí ń ta ewéko lónìí lè wà ní kíláàsì lọ́la, ẹni tí ó wà ní kíláàsì lónìí sì lè ti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní òkè òkun lọ́la. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan jẹ́ onídàájọ́ ara rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹjọ́ tí ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ sì dá burú ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀YIN OLÙKỌ́ WA

A kò sọ ọ̀rọ̀ Filipínì láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀nà tí wọ́n ti rìn ni àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Òfin tí ó dá Teachers Registration Council sílẹ̀ ní Nàìjíríà wáyé ní 1993, ọdún kan ṣáájú tiwọn, ṣùgbọ́n ọdún 2000 ni àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún 2017 ni ó sì tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún àwọn olùkọ́. Ìjọba àpapọ̀ fi ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2019 ṣe gbèdéke fún àwọn tí kò ì tíì gba àṣẹ. Ìdánwò náà wà pẹ̀lú wa, yóò sì máa wà. Lọ́jọ́ kan, ìjọba yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi iye àwọn tí ó yege wọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gbogbo, àwọn òbí yóò sì máa fi yan ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ó yẹ kí a ti mọ ohun tí a ó béèrè. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege, kí a béèrè pé: nínú mélòó tí ó jáde? Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀pọ̀ ni ó níṣẹ́, kí a béèrè pé: mélòó ni kò dáhùn? Olùkọ́ tí ń gun ọ̀kadà ní ọ̀sán, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ta omi inú ọ̀rá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ni òun náà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìgboyè kan níbì kan. Bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀wé ni ó lé e kúrò ní kíláàsì, kí a mọ̀, kí a sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ lẹ́jọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó oṣù tí a kò san ni ó lé e, ìdánwò kankan láyé kò lè fi èyí hàn. Àfi kí a lọ bi í.

Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń ka àwọn tí ó yege nìkan yóò máa yin ara rẹ̀ títí, kò sì ní mọ ìdí tí kíláàsì rẹ̀ fi ṣófo. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, ẹ̀yin olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn pẹ̀lú láti máa béèrè ẹni tí a kò kà.